Lóònù ọ̀sẹ̀, owó alágbàtà tàbí àjọ: èwo ni kí àgbẹ̀ mú?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Oko ni èmi àti ọkọ mi ń ṣe, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún la sì ń kórè èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Lóṣù tó kọjá, àwọn kan wá kọ́ wa nípa owó fún ọjọ́ méjì. Wọ́n ní àwa àgbẹ̀ kò mọ owó í tọ́jú ni báǹkì kò ṣe yá wa, pé bí a bá ń kọ gbogbo ohun tí a ná sílẹ̀ lójoojúmọ́, nǹkan á yí padà. Ẹ̀yìn wọn ni ilé iṣẹ́ kan dé tó ń yáni lówó láìgba ìdógò. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ la óò máa san án, èlé rẹ̀ kò ju 10 lórí 100. Alágbàtà tó ń ra irè wa náà ṣetán láti fún wa lówó ajílẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe, òun kì í gba èlé rárá. Àwọn obìnrin kan nítòsí wa sì ń dá àjọ tí wọ́n fi ń yá ara wọn lówó. Èwo ni kí n mú? Ṣé òótọ́ sì ni pé àìmọ̀ ló ń ṣe wá?"

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀, èyí tí ẹ fi parí rẹ̀ ni màá sì kọ́kọ́ mú, torí òun ló dùn mí jù. Rárá, kì í ṣe àìmọ̀ ló ń ṣe yín. Ẹni tó kórè lẹ́ẹ̀kan, tó fi owó rẹ̀ bọ́ ilé fún oṣù 12, tó san owó ilé ìwé, tó ra oògùn, tó tún ṣẹ́ irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ kù, ìṣirò tó ń ṣe lórí lásán, ẹni tó ń gbowó oṣù kò ṣe irú rẹ̀ rí. Owó oṣù ni èmi fi tọ́ ọmọ tèmi. Bí mo bá ṣi owó ná lónìí, ìyà rẹ̀ kò lè ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ. Tiyín á gba ọdún kan gbáko. Ohun tó ń ṣe àgbẹ̀ ni pé owó ń wọlé lọ́jọ́ kan, ó sì ń jáde lójoojúmọ́. Ìgbà tí oko sì ń pe owó jù, ìyẹn ìgbà gbígbìn, ni àpò máa ń gbẹ jù. Ọ̀rọ̀ àsìkò ni. Ojú yìí ni màá fi wo ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ dárúkọ.

N kò sọ pé ẹ̀kọ́ nípa owó kò dára o, èmi náà ti kọ́ni rí. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọ ló kù díẹ̀ káàtó. Lọ́dún 2014, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Fernandes, Lynch àti Netemeyer, kó ìwé ìwádìí 168 jọ lórí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó ń mú kí ìṣe ẹnì kan sí owó yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, ìdá 1 péré nínú 1,000 ni wọ́n rí tó ti ọwọ́ ẹ̀kọ́ náà wá, ti àwọn tí owó wọn kò pọ̀ tún wá kéré sí i. Tó bá ti tó ogún oṣù, bó ti wù kí wákàtí ẹ̀kọ́ náà pọ̀ tó, ó ti ń parẹ́ lórí. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìwádìí mìíràn jáde láti Dominican Republic. Wọ́n kọ́ àwọn oníṣòwò kéékèèké kan ní ìṣirò bí ilé ìwé ṣe ń kọ́ ọ, wọ́n sì kọ́ àwọn yòókù ní òfin ṣókí mélòó kan, irú bíi pé kí owó òwò àti owó ilé má ṣe wà nínú àpò kan náà. Àwọn tó gba òfin ṣókí ni ìwé ìṣirò owó wọn sunwọ̀n sí i. Ti àwọn oníṣirò kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tí a kò kọ́ rárá.

Nítorí náà, ẹ má fi owó ìṣáná tí ẹ rà da ara yín láàmú. Nǹkan méjì péré ni kí ẹ máa kọ: owó tó wọ inú oko láti ìgbà ṣíṣán títí dé ìkórè, owó àwọn alágbàṣe ni o, ti ọkọ̀ ni o, ti àpò ni o, lẹ́yìn náà, iye àpò tó jáde àti iye tí ẹ ta ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá lè bá yín kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ilé ìwé rẹ̀ tó ti kún, ó ti tó. Ọdún méjì irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni yóò sọ fún yín bóyá oko yẹn lè ru èlé tàbí kò lè rù ú. Mo ti rí àgbẹ̀ tó ń yá owó lọ́dọọdún fún pápá kan tí kò pa owó rí. Ó rò pé ó ń pa á ni, torí pé nǹkan mìíràn ló ń bo ìhò ibẹ̀.

Kí ló dé tí báǹkì kì í wo ojú yín? Mo ti jókòó ní apá kejì tábìlì yẹn pẹ́, ìwé ìnáwó ojoojúmọ́ kò sí lára ohun tí à ń wò. Àkọ́kọ́, wàhálà tó wà nínú yíyá ènìyàn ní owó kékeré kò dín sí ti owó ńlá: fọ́ọ̀mù kan náà ni, ìrìn kan náà, ọ̀gá kan náà ló máa buwọ́ lù ú, èlé tó máa jáde níbẹ̀ ló sì kéré. Èkejì ni ìdógò. Ilẹ̀ tí ẹ ń dáko lé lè jẹ́ ti ẹbí, kó má ní ìwé, bó bá tiẹ̀ ní, ta ni báǹkì fẹ́ tà á fún lójú gbogbo ará abúlé? Ti obìnrin tún le, torí pé orúkọ ọkùnrin ló sábà máa ń wà lórí ilẹ̀ tí òun ń fọwọ́ ro. Ẹ̀kẹta ló ń ba báǹkì lẹ́rù jù, àwọn olùkọ́ yín kò sì mẹ́nu kàn án. Bí aránṣọ kan bá ṣàìsàn, aránṣọ kejì á ṣì máa san gbèsè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dá kì í dá sórí oko ẹnì kan. Lọ́jọ́ tí ẹ kò bá lè san, gbogbo ará ìlú yín ni kò ní lè san, owó tí báǹkì ti kó sílẹ̀ níbẹ̀ á kàn ṣòfò lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí lóònù ọ̀sẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó pé ẹ yá 1,000, èlé 10 lórí 100, ó di 1,100, ọ̀sẹ̀ 25 lẹ óò fi san án. Ìyẹn 44 lọ́sẹ̀. Bí ìkórè yín bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ ogún lẹ́yìn tí ẹ gbowó, ẹ óò ti san 880 kí ẹ tó fọwọ́ kan irè àkọ́kọ́. Níbo ni 880 yẹn ti fẹ́ wá? Nígbà tí mo ń rìn abúlé fún ilé iṣẹ́ ẹ̀yáwó kan, obìnrin kan wà nínú ìwé mi tí kì í fọ̀la dọ́tùnla. Wọ́n máa ń yìn mí lọ́fíìsì nítorí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí kì í ṣe ọjọ́ owó, mo yà sílé rẹ̀, mo bá ike kan níwájú rẹ̀. Ọ̀rá kéékèèké méjìlá ló dì sínú ike náà, owó ọ̀sẹ̀ kan nínú ọ̀rá kan. Owó wa ni. Ìdajì ló fi ra ajílẹ̀, ó di ìdajì yòókù sínú ọ̀rá láti máa fi í san án padà fún wa. "Bí ọ̀rá bá tán ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á lọ sọ́dọ̀ olówó èlé. Ẹni tí mo ń pè ní oníbàárà dáadáa, ó ń fi owó wa san owó wa ni, èlé gbogbo rẹ̀ ló sì ń san. Mo kọ ọ́ sínú ìròyìn fún àwọn ọ̀gá mi. Wọ́n ní ṣé kì í kúkú pẹ́ kó tó san ni?

Ẹ tún wo èlé yẹn dáadáa. 10 lórí 100 tí wọ́n pè é, orí 1,000 ni wọ́n ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bẹ́ẹ̀ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ojú owó ń dín kù lọ́wọ́ yín. Tí a bá pín in dọ́gba, nǹkan bí 520 ló wà lọ́wọ́ yín láàárín ọ̀sẹ̀ 25 náà. Èlé 100 lórí 520 lé ní 19 lórí 100, kò sì tíì pé ìdajì ọdún. Ká ní ọdún yí po bẹ́ẹ̀, ó ti di nǹkan bí 40. Bí wọ́n bá tún yọ owó fọ́ọ̀mù, tí wọ́n dá díẹ̀ dúró ní ìfowópamọ́ dandan, ẹ lè máà gbà ju 870 lọ, kí ẹ sì máa san èlé lórí 1,000. N kò pè wọ́n ní olè. Muhammad Yunus tó bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí ní Bangladesh ní 1976, tó di Grameen Bank ní 1983, ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́, òun àti báǹkì náà ló sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ní 2006. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń rí owó lójoojúmọ́ ni sísan lọ́sẹ̀ bá lára mu, bí ẹni tó ń tajà tàbí tó ń ta ẹyin. Nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ irú ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀ wò ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, tí wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2015, wọ́n rí i pé ó ń fún ènìyàn láyè láti mi díẹ̀, kò sì sọ tálákà di olówó. Ibi tó ti burú ni Andhra Pradesh ní India. Ilé iṣẹ́ ẹ̀yáwó pọ̀ níbẹ̀ débi pé ẹnì kan á jẹ mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, títí ìjọba fi gbé òfin dìde sí wọn ní 2010, tí àwọn ènìyàn sì jáwọ́ nínú sísan.

Ti alágbàtà ńkọ́? Kò sí ẹni tó ń yáni lówó lọ́fẹ̀ẹ́, inú iye tó fi ń ra irè ni èlé tirẹ̀ sá pamọ́ sí. Bí ó bá fún yín ní ajílẹ̀ 60 nígbà gbígbìn, tó wá gba àpò kan lẹ́yìn oṣù márùn-ún lọ́jọ́ tí ọjà ń ra àpò náà ní 80, èlé tí ẹ san jẹ́ 20 lórí 60, ìyẹn 33 lórí 100. Ó wọ́n ju ti ilé iṣẹ́ náà lọ. Ẹ wo àpò rẹ̀ pẹ̀lú o. Àpò tí wọ́n kún dé ọrùn, tí wọ́n tún fi okùn gbé orí lé, kì í ṣe àpò kan mọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ má kà á. Síbẹ̀, mo ní ohun rere láti sọ nípa rẹ̀. Lọ́jọ́ ìkórè ló ń gba owó rẹ̀, kò sí ọ̀sẹ̀ kankan tó máa wá kanlẹ̀kùn. Bí ọmọ bá ṣàìsàn lóru, òun lẹ lè pè. Bí ọ̀dá bá dá, ó mọ̀, torí ojú rẹ̀ ló ṣe, ó sì ṣeé ṣe kó ní kó di ẹ̀ẹ̀mìíràn. Owó tó wọ́n tó sì mọ àsìkò lè sàn fún àgbẹ̀ ju owó pọ́ọ́kú tí kò mọ̀ ọ́n lọ. Bí ẹ bá máa gbà á, ẹ ní kó kọ iye tó fún yín sílẹ̀ ní owó, kí ẹ sì jọ fẹnu kò pé iye ọjà ọjọ́ ìkórè ni ẹ óò fi san án, kó wá fi èlé rẹ̀ lé e ní gbangba. Ó lè bínú. Ọ̀pọ̀ wọn á gbà tí wọ́n bá rí i pé ẹ mọ̀ ọ́n ṣírò.

Ọ̀rọ̀ iye ọjà yìí ló gbé mi dé ohun tí ẹ kò béèrè. Gbogbo yín lẹ ń kórè pa pọ̀, gbogbo yín lẹ ń tà pa pọ̀, ni irè ṣe ń já wálẹ̀ lójijì. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ̀yin kan náà á tún lọ rà á ní ọ̀wọ́n. Ní Kenya, wọ́n yá àwọn àgbẹ̀ kan lówó nígbà ìkórè gan-an, kì í ṣe ìgbà gbígbìn, kí wọ́n lè fi gbọ́ bùkátà kí àgbàdo wọn sì dúró sílé. Àwọn tó gbà á tà nígbà tó wọ́n, wọ́n sì jèrè ju àwọn yòókù lọ; ọdún 2019 ni ìwádìí náà jáde. Orílẹ̀-èdè yẹn kan náà ni Esther Duflo, Michael Kremer àti Jonathan Robinson ti rí i pé bí a bá ta ajílẹ̀ fún àgbẹ̀ kété lẹ́yìn ìkórè, tí a sì bá a gbé e délé, ọ̀pọ̀ sí i á lò ó, torí pé bí ìgbà gbígbìn bá dé, owó tí wọ́n fẹ́ fi rà á ti bá ẹlòmíràn lọ. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá gba owó irè, kí ajílẹ̀ ọdún tó ń bọ̀ kọ́kọ́ wọlé ná. Bí ilé ìkẹ́rùsí tó ń fúnni níwèé ẹ̀rí bá wà nítòsí yín, ìwé yẹn ni báǹkì mìíràn ń gbà bí ìdógò. Ṣùgbọ́n ẹ má kó irè pamọ́ bí kò bá gbẹ délẹ̀. Kòkòrò ń gba èlé ju olówó èlé lọ.

Ní ti àjọ àwọn obìnrin, òun ni ọkàn mi fà sí jù, àmọ́ mo fẹ́ kí ẹ lọ wò ó fúnra yín. Irú èyí tí mò ń wí bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Niger ní 1991 láti ọwọ́ CARE, ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ kan, ó sì ti tàn ká. Nǹkan bí ogún ènìyàn á jọ kóra jọ, àpótí onírin kan, àgádágodo mẹ́ta, kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta tí kò sùn nílé kan náà. Olúkúlùkù á ra ìpín, ó kéré tán ọ̀kan, kò gbọdọ̀ ju márùn-ún lọ nípàdé kan, wọ́n á sì lu òǹtẹ̀ sí ìwé rẹ̀. Inú owó yẹn ni wọ́n ti ń yá ara wọn. Kí wọ́n tó ti àpótí, wọ́n á ka iye tó kù sókè, gbogbo ilé á sì jọ wí i léraléra. Nípàdé tó ń bọ̀, kí wọ́n tó ṣí i, ìyá tí kò mọ̀wé rárá ni wọ́n á bi pé èló ló wà níbẹ̀. Á sọ ọ́ bí ẹni ń ki oríkì. Èlé wọn lè jẹ́ 5 tàbí 10 lórí 100 lóṣù, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, ẹ̀yin fúnra yín náà ni wọ́n máa pín in fún lópin ọdún. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ béèrè ni ọjọ́ tí wọ́n ń pín in. Bí ó bá jẹ́ ìgbà ayẹyẹ, aṣọ ló máa bá lọ. Bí ẹ bá lè bá wọn sọ ọ́ kí pínpín bọ́ sí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú gbígbìn, owó ajílẹ̀ ti dé láìjẹ gbèsè.

Àléébù rẹ̀ wà. Owó inú àpótí kéré, kò lè ra ẹ̀rọ. Gbogbo wọn lè fẹ́ yá a lọ́sẹ̀ kan náà, nígbà gbígbìn. Ọ̀dá tó pa oko yín ló máa pa ti ẹni tó jẹ àpótí ní gbèsè. Bí ìyàwó olóyè bá yá tí kò san, ta ni yóò bá a wí? Ẹní yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà, ti gbogbo yín ló sì dí yẹn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ tó dàgbà fi máa ń wá báǹkì bá wọn ṣe lẹ́yìn ọdún méjì sí mẹ́ta, pẹ̀lú ìwé tó fi hàn pé wọ́n ń san. Friedrich Wilhelm Raiffeisen, olórí ìlú kéékèèké ní Jámánì, tó ti rí ìyàn ọdún 1846 sí 1847, ló dá irú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ ní Heddesdorf ní 1864. Àwọn báǹkì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣì wà.

Adójútòfò (ìnṣọ́ránsì) tó ń wo òjò náà wà. Kì í wá wo oko yín o, ohun tí ẹ̀rọ tó ń wọn òjò tàbí sátẹ́láìtì bá sọ ló fi ń sanwó. Bí òjò bá rọ̀ níbi ẹ̀rọ tí kò rọ̀ lóko yín, ẹ ò ní gba nǹkan kan. Ẹ ra á bí wọ́n bá dín owó rẹ̀ kù, ẹ má fọkàn sin sí i. Lóònù orí fóònù kò dára fún oko: púpọ̀ nínú wọn, ọgbọ̀n ọjọ́ ni.

Bí ọ̀rọ̀ yín bá jẹ́ tèmi, màá wọ àjọ náà lọ́dún yìí, ìpín kan tàbí méjì. Màá gba ajílẹ̀ alágbàtà fún ìdajì oko péré, ní iye tí a kọ sílẹ̀, màá sì fi owó ara mi bọ́ ìdajì kejì, bó tiẹ̀ máa kéré. Lóònù ọ̀sẹ̀, màá fi sílẹ̀, àfi bí ẹ bá ní ohun tí ẹ ń tà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tó lè san 44 yẹn láìfọwọ́ kan oko. Àmọ́ n kò tíì rí ìwé àdéhùn wọn o. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ní èyí tí wọ́n ń gbà lẹ́yìn ìkórè, àwọn mìíràn ní in tí wọn kì í pariwo rẹ̀. Ẹ bi ọmọkùnrin tó ń kó fọ́ọ̀mù kiri ní ìbéèrè mẹ́ta: èló ni máa gbà sọ́wọ́, èló ni máa san pátápátá, ọjọ́ wo ni máa kọ́kọ́ san? Kó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ oníduúró sí. Láìgba ìdógò tí wọ́n wí yẹn, ó sábà máa ń túmọ̀ sí pé ẹ̀yin àti obìnrin mẹ́rin mìíràn lẹ jọ ń dúró fún ara yín, tí ọ̀kan bá sá, ẹ̀yin tó kù lẹ máa san án. Ẹ mọ àwọn mẹ́rin náà kí ẹ tó fọwọ́ sí i.